Má Fi Ìrun Ṣe Ilẹ̀kùn

Asawase, Kumasi,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Lùkùmánù ọmọ mi, Àjàní mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, mo sì kí gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbé ní ìlú Wa. Àlàáfíà ni a wà nílé. Orúnkún tó ń dun ìyá rẹ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ràfátù àbúrò rẹ ń tẹ̀ síwájú nídìí iṣẹ́ aṣọ rírán tó ń kọ́, àfi pé ó ti fi gbogbo ṣòkòtò mi àtijọ́ kọ́ṣẹ́ tán. Ìsọ̀ mi ní ọjà Race Course ń lọ bó ṣe máa ń lọ. Àwọn ènìyàn ṣì ń ra abọ́, wọ́n ṣì ń ra fìtílà. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, tí mo wo iwájú, ọpẹ́ ló yẹ mí.

Bí o bá rí bí ìwé yìí ṣe nípọn tó, má jáyà. Kò sí ẹni tó kú. O mọ̀ mí, o mọ̀ pé bí ẹ bá pẹ́ níta díẹ̀, ẹnu ọ̀nà lẹ máa bá mi. Ìyá rẹ ní bí àníyàn bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba, ǹ bá ti di ọ̀gá àgbà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ohun tó fà á nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú, Alhaji Sìkírù tó máa ń kó táyà láti ibí lọ sí Wa yà sọ́dọ̀ wa. Ó jókòó, ó mu omi, ó sì dojú kọ ìyá rẹ.

Ó ní, "Ìyá Lùkù, ẹ kú oríire. Ọmọ yín ti di àlùfáà pátápátá."

Ìyá rẹ ní, "Lùkù tèmi yìí? Ẹni tí a máa ń fi omi tútù jí fún àsùbáà?"

"Òun gan-an. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i, orí ìrun ni mo ń bá a. Mo jókòó dè é títí. Ó sálámà tán, ó tún dìde. Mo ní kí n má dí ẹrú Ọlọ́run lọ́wọ́, mo bá tèmi lọ. Ó ti rù díẹ̀ o, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ló fà á. Àwọn ará ilé yẹn sọ fún mi pé kì í jẹun ọ̀sán mọ́."

Inú ìyá rẹ dùn débi pé ó pa adìẹ ṣe sàárà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ṣe àmín sí gbogbo àdúrà tí Alhaji ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú mi, mo rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ irú ìrun yẹn, Lùkùmánù. Mo ti kí i rí.

Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í. Ó lè jẹ́ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ló kún ọkàn rẹ, bí mo ṣe ń tọrọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fi mí rẹ́rìn-ín, kí o sì máa dárúkọ mi nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé nǹkan kan ń jẹ ọ́ lọ́kàn níbi tí ojú kò tó, tí oorun kò wá, tí o sì ń sá fún ènìyàn, jọ̀wọ́, jókòó kí o ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọmọ tó ń rá ni ọ́ nígbà tí ìjọba ilẹ̀ yìí ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn máa lọ. O ti ń gbọ́ ìtàn rẹ̀, mi ò ní tún un sọ. Àwọn òbí mi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi ti pẹ́ ní Kumasi débi pé Twi, èdè àwọn Àṣàǹtí, ló fi ń bá ewúrẹ́ wí. Orí ẹrù ló jókòó sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń juwọ́ sí mi. Èmi ní ìwé, mo dúró. A rò pé a ó máa lọ, a ó máa bọ̀, a ó máa rí ara wa. Kò pẹ́ sí i tí ìròyìn dé pé ó ti kú. Kó tó dé etí mi, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti ṣe fìdáù rẹ̀.

Àwọn ènìyàn wá kí mi títí ilé fi kún. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Músílíù, ṣe ọkàn gírí. Ọlọ́run ló fún wa, òun náà ló gbà á. Ẹni tó bá ń sunkún òkú, Ọlọ́run ló ń bá jà." Mo gbà wọ́n gbọ́. Omijé kan kò já lójú mi. Àwọn kan tilẹ̀ yìn mí pé mo ṣe bí mùsùlùmí òdodo.

Lẹ́yìn èyí ni oorun fi mí sílẹ̀. Bí mo bá dé ìsọ̀, oníbàárà á ní òun ń fẹ́ abọ́, mo á gbé fìtílà fún un. Àyà mi á kàn máa lù bí ti ẹni tó sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí àga ni mo jókòó sí. Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù ju àìsùn lọ ni èrò kan tó wọ̀ mí lọ́kàn, pé ìgbàgbọ́ mi ti jò dànù. Mo ní ẹni tó gba kádàrá kò yẹ kó rí báyìí. Nítorí náà, mo fi pamọ́. Bí ará Àṣàǹtí bá bi mí pé "Ɛte sɛn?" mo á ní "Ɛyɛ." Bí Haúsá bá kí mi, mo á ní "Lafiya lau." Bí ẹni tiwa bá bi mí, mo á ní "Alihamdulilahi." Èdè mẹ́ta ni mo fi ń pa irọ́ kan ṣoṣo.

O mọ bí ó ṣe rí ní mọ́sálásí wa láàárín màgàríbà àti ìṣáì. Àwọn ọkùnrin á tẹ́ ẹní síwájú, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè: ta ló bímọ, ta ni kò yá, ìyàwó ta ló kọ̀ tí kò se oúnjẹ. Kò sí ẹni tí wọn kì í bi. Èmi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí. Ni mo bá rí ọgbọ́n kan. A kì í kí ẹni tó wà lórí ìrun, a kì í sì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Bí mo bá ti rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo á gbé ọwọ́ sókè, "Allahu Akbar," mo ti wọ nọ́fílà, ìrun àfikún, nìyẹn. Ẹni náà á dúró díẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Bí òmíràn bá yọjú, mo á tún dìde. Nílé pẹ̀lú, bí ìyá rẹ bá ní òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, mo á ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ráká méjì. Ráká méjì yẹn kì í parí.

Àṣé ìrun ni mo sọ di ilẹ̀kùn, tí mo wọlé, tí mo tì í mọ́rí.

Ohun tó wá le níbẹ̀ ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún mi. Wọ́n ń gbé ọmọ tí ibà ń ṣe wá kí n gbàdúrà sí i lórí. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó tó àkókò kí wọ́n wé láwàní fún mi. Wọ́n ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni mò ń sá fún ìbéèrè lásán.

Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ fura sí mi. Mo sálámà lọ́jọ́ kan, mo bá a tó jókòó lẹ́yìn mi, tó pọ̀n ọ́.

Ó ní, "Bàbá Lùkù, Ọlọ́run tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ṣé kò tíì ní kí ẹ bá èmi náà sọ̀rọ̀ ni?"

Inú bí mi. Mo ní kí ló mọ̀ nípa ẹ̀sìn. Mo tún dìde.

Ó ní, "Ó dáa. Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò." Àṣé Tafo ló forí lé, ó lọ bá Ráfíù ọ̀rẹ́ mi, gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Tafo.

Ráfíù wọ ọkọ̀ tròtrò, ó bá mi ní mọ́sálásí lẹ́yìn màgàríbà. Bí mo ti rí i lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti gbé ọwọ́ sókè. Ráfíù kò lọ. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀. Mo sálámà, mo dìde, ó wà níbẹ̀. Mo mú súrà tó gùn jù nínú èyí tí mo mọ̀, mo kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, orúnkún mi kọ̀, kò gbé mi dìde mọ́.

Ó ní, "O ti kí tọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọn. Jẹ́ kí àwọn màlékà tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ sinmi ọwọ́ díẹ̀."

Mo fa tẹ̀sùbáà yọ, mo ń kà á.

"Músílíù, báwo ni o ṣe wà?"

"Alihamdulilahi."

"Ọlọ́run lo dá lóhùn yẹn. Èmi Ráfíù ni mo bi ọ́."

Ọmọ mi, mi ò mọ bí ó ṣe jáde. Mo ní, "Mi ò sùn. Àyà mi ń já."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ìyá mi."

"O sì ti sunkún rẹ̀?"

"Wọ́n ní kí n má sunkún."

"Àwọn wo nìyẹn? Àwọn tí ìyá tiwọn ṣì ń po ẹ̀kọ kóòkò fún wọn láràárọ̀?"

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, lórí ẹní mọ́sálásí, tí imú mi ń ṣàn bí ti ọmọdé. Ráfíù kò bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Ó kàn ń sọ pé, "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin dáadáa ni. Ó fi igi lù mí lórí rí nítorí máńgòrò."

Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ lèmọ́ọ̀mù wa ìgbà yẹn, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mo rò pé yóò bá mi wí. Ó ní Ànábì fúnra rẹ̀ sunkún nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú, ṣé èmi wá ní ìgbàgbọ́ ju Ànábì lọ ni? Ó wẹ hàǹtú, omi ẹsẹ Kùránì, láti ara wàláà rẹ̀ fún mi, ó ní, "Mu èyí lónìí, lọ rí dókítà lọ́la. Ọlọ́run kan ló ni méjèèjì." Ó wá fi kún un pé, "Ìrun ọ̀ranyàn márààrún, àárín ènìyàn ni kí o ti máa kí i, kí èjìká rẹ máa kan ti ẹlòmíràn. Nọ́fílà, mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ ná, bí a ṣe ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé."

Mo lọ rí dókítà. Ará Àṣàǹtí ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bi mí ní ìbéèrè púpọ̀, ó fún mi ní oògùn tí mo fi sùn, ó ní kí n máa padà wá kí a jọ máa sọ̀rọ̀. Àìsàn náà kò lọ lọ́jọ́ kan o. Ó lọ bí kùrukùru ọyẹ́ ṣe ń lọ: o kò ní mọ ìgbà tó ṣí, o kàn máa rí i pé o ti ń rí òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Nítorí náà, fetí sí mi.

Èkíní, má rò pé ìgbàgbọ́ rẹ ti bàjẹ́ nítorí pé ọkàn rẹ wúwo. Ọkàn a máa rẹ̀, bí apá ṣe ń rẹ̀. Bí apá bá dun gbẹ́nàgbẹ́nà, a kì í sọ pé ó ti kọ igi sílẹ̀. Ìwọ tí o fi ilé sílẹ̀, tí o dé ìlú tí o kò gbọ́ èdè wọn, tí o kò rí ẹni tó lè pè ọ́ ní Àjàní, bí ó bá rẹ̀ ọ́, kí ló burú níbẹ̀?

Èkejì, má torí ọ̀rọ̀ mi pa ìrun tì. Ìyá rẹ yóò lé mi jáde nílé. Ìrun ló gbé mi dúró, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Omi àlùwàlá tó kan ojú mi láràárọ̀, iwájú orí mi tó kan ilẹ̀ ní ìlà kan náà pẹ̀lú ti alápatà àti ti onítáyà, tẹ̀sùbáà tí mò ń kà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí èémí mi fi balẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí mú mi rántí pé èmi nìkan kọ́ ni mo wà láyé, àti pé ẹnì kan wà tó di ayé mú ní àkókò tí mi ò lè di ara mi mú. Oògùn dókítà kò ṣe èyí fún mi. Ìrun náà kò sì ṣe iṣẹ́ oògùn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí mo fi ń yẹ ara mi wò títí di òní ni pé, bí mo bá kírun tán tí mo lè wo ojú ènìyàn, tí ebi sì ń pa mí, ìrun ni mo kí. Bí mo bá kí i tán tí àwọn ènìyàn tún wá jìnnà sí mi sí i, mo mọ̀ pé mo tún ti ń ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ nìyí. Dá a dúró ná. Ọlọ́run fún ẹni tí kò yá ní àyè láti jẹun, kí ni ìwọ wá fẹ́ fi ebi rà lọ́wọ́ rẹ̀? Wọ́n ní túwó Wa dára. Jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, jẹ ẹ́ lálẹ́.

Ẹ̀kẹta ni, àbí ẹ̀kẹrin: wá ẹnì kan. Ẹnì kan péré. Ọ̀gbẹ́ni tí ẹ jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò yẹn, ọmọ Tafo tí o ní ẹ jọ máa ń ta ayò dáámù, ṣé ẹ ṣì ń ta á? Má sọ pé kirisitẹni ni. Mo ti sọ ti dókítà mi fún ọ. Ó bi mí bí mo ṣe ń kírun, kò ní kí n fi í sílẹ̀. Bí ọ̀gbẹ́ni yẹn bá bi ọ́ pé báwo ni, dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí ọpẹ́ kì í tán. Lẹ́yìn náà, dá òun náà lóhùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Bí àìsùn bá sì pọ̀, ọsibítù wà ní Wa. Má tijú. Ẹlòmíràn yóò sọ fún ọ pé ọwọ́ ayé ni, pé ẹnì kan ń lé ọ láti ilé. Gbàdúrà sí i kí ọkàn rẹ balẹ̀, ṣùgbọ́n má jókòó máa ka orúkọ ọ̀tá. Mo ka tèmi nígbà náà. Mo fura sí obìnrin kan tó ń ta àkàrà kósè ládùúgbò nítorí ó máa ń wò mí. Àṣé ó rí i pé mo ń rù ni, ó ń ronú pé kí òun fi kósè ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀wẹ̀, má jẹ́ kí orúkọ "àlùfáà" dùn mọ́ ọ. Ìyìn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn ju kọ́kọ́rọ́ lọ, nítorí ẹni tí gbogbo ènìyàn ń yìn kò ní rójú sọ pé òun ń ṣàìsàn.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ti gbé ayé tó dùn lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Mo bí Ràfátù lẹ́yìn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀ ju bí mo ṣe rẹ́rìn-ín kó tó dé. Títí di òní, mo máa ń sunkún ìyá mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo bá gbọ́ tí obìnrin kan ń fi Twi bá ẹran wí, mo á nu ojú, mo á sì jẹun dáadáa lẹ́yìn náà.

Mo kọ ìwé yìí dé ibí, ìyá rẹ ní kí ni mò ń kọ láti àárọ̀ tí mi ò lọ sí ìsọ̀. Mo kà á sí i létí. Ìgbà yẹn ló mọ ìdí tí mi ò fi fẹnu kan adìẹ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ bínú sí mi nítorí Ráfíù tí mo lọ pè."

Mo ní kò sí àyè mọ́.

Ó ní, "Ìwé náà dára. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, Bàbá Lùkù. Ta ni yóò máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń kà á?"

Mo ní Alhaji Sìkírù ló fẹ́ bá mi mú un lọ. Ó wọ yàrá, ó ń di agbádá mi kejì sínú báàgì. Mo jókòó wò ó títí ó fi dì í tán. Mo wá rí i pé gbogbo àárọ̀ yìí, ìwé ni mo ń kọ nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí láti wá.

Nítorí náà, èmi fúnra mi ni mo fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. Mi ò wá yẹ ọ́ wò, mi ò wá mú ọ padà sílé, àfi bí o bá ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kà á níwájú mi, má kánjú. Ràfátù wà ní ìsọ̀. Mi ò ní ibì kankan tí mò ń lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Músílíù.